Òpópónà Tí Kò Sí Nílùú

Ẹ hó fún Olúwa! Ẹ tún hó, ẹ̀yin ará, torí ẹni tí ẹ ń wò yìí, ẹ̀wọ̀n ni ì bá wà lónìí. Halelúyà!

Akọ̀wé káńsù ni mí níbí ní Ọ̀wọ̀. Ní èṣí, ọ̀gá mi ní kí n kọ orúkọ gbogbo òpópónà ìlú sílẹ̀, kí káńsù lè tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Mo ń fẹsẹ̀ rìn ín, mo ń bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè. Ó ku díẹ̀ kí n parí, ni ọdún Igogo bá dé. Ẹ kúkú mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í dé fìlà nígboro nígbà Igogo. Èmi akọ̀wé, ọmọ ìjọ, kí n ṣí fìlà nítorí òrìṣà? Mo ní ká má rí i! Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mo ṣí máàpù tí ọkùnrin kan ní Ìbàdàn tẹ̀ tà, mo sì da òpópónà mẹ́ta tí n kò tíì rìn kọ. Ìgbéraga ni, ẹ̀yin ará. Èmi ń pè é ní ìgbàgbọ́.

Ìwé náà jáde. Kò pẹ́, lẹ́tà lọ́yà ọkùnrin Ìbàdàn náà dé: mo jí iṣẹ́ oníṣẹ́, òfin ò gbà á. Ọ̀gá mi ní, "Bó bá jẹ́ òótọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn, ó ku ilé ẹjọ́." Ìyàwó mi ní, "Baba Bọ́lá, ẹ sẹ́ kanlẹ̀. Ta ló rí yín?"

Ọkùnrin náà dé tòun ti lọ́yà rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, níbo lẹ ti rí àwọn orúkọ yìí?"

"Mo rìn ín ni, sà. Gbogbo rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òpópónà kan wà nínú máàpù mi tí kò sí nílùú yìí. Èmi ni mo dá a, kí n lè fi mú olè. Ẹ jẹ́ ká wá a nínú ìwé yín."

Yéè! Èwo ni nínú mẹ́ta? Mi ò mọ̀! Ó ń fi ìka ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúwa, gbà mí! Ni mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má wá a mọ́, sà. Irọ́ ni mo pa. Mẹ́ta ni mo dà kọ. Àwọn nìyí."

Èkejì ni tirẹ̀. Ọ̀gá mi fọwọ́ bojú. Ọkùnrin náà tọ́ka sí orúkọ tó kù nínú ìwé.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wọ́n, sà. Ẹ bi àwọn àgbà wò."

Ó bi wọ́n lóòótọ́. Odidi ọjọ́ kan ló fi káàkiri, wọ́n sì jẹ́rìí mi. Ó padà dé, ó ní, "Lọ́yà, ẹ kó ìwé yín. Akọ̀wé, ẹ yọ mẹ́ta yẹn kúrò, kí ẹ lọ fẹsẹ̀ rìn méjì tó wà nílùú."

Iṣẹ́ mi ò bọ́! Ẹ̀wọ̀n ò rí mi! Olúwa ṣeun, ṣeun, ṣeun! Ìwọ tí o fi irọ́ pa mọ́ sínú ìjọ yìí, mo bẹ̀ ọ́, má dúró kí ìka dé orí tìrẹ. Jẹ́wọ́ lónìí. Ẹ bá mi dúpẹ́.