Idà Tí Mo Fi Búra fún Mardan

Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin ọmọ mi. Golnar, ìyá wọn, ìwọ náà jókòó. Òótọ́ tí mo ti ń gbé mì láti ọgbọ̀n ọdún ti há mi lọ́fun. Bí n kò bá pọ̀ ọ́ jáde lónìí, òun ni yóò pa mí ṣáájú àìsàn yìí.

Ẹ yéé kọ orin ìranù yẹn nípa àwa ará Rọ́ọ̀sì tí a wa ọkọ̀ la Òkun Kásípíà kọjá! "Akọni! Akọni!" Akọni wo? Olè ni wá, apààyàn ni wá. Ìlú tí a gbà létí odò Kúrì, èso ibẹ̀ dùn, a jẹ ẹ́ ní àjẹkì, ìgbẹ́ gbuuru sì dá wa dùbúlẹ̀. Mardan, ahunṣọ sílíkì, bàbá Golnar, ló gbé mi wọ ilé rẹ̀. Ó se èèpo igi fún mi mu títí mo fi yè.

Nígbà tí ọ̀gá wa kéde pé kí gbogbo ará ìlú kó jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pé ẹni tó bá kù lẹ́yìn rẹ̀, a ó pa á, Mardan bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kí n di ẹrù ni?" Aṣọ tó kó jọ sí àjà ni mo ń wò. Bó bá lọ, yóò kó o lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn yín, èmi ló fọwọ́ kàn." Mo tẹ́ idà sílẹ̀, mo búra. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá da irú ìbúra bẹ́ẹ̀, idà ara rẹ̀ ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n idà Steinar ọ̀rẹ́ mi ni mo tẹ́ sílẹ̀. Tèmi wà nínú ọkọ̀. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n àgbọ́njù! Mo rò pé mo ti rẹ́ òrìṣà wa jẹ.

Ní ọjọ́ kẹrin, èmi àti Steinar wọlé. Mardan ti bu oúnjẹ sílẹ̀ dè mí. "Ọmọ mi, àwọn wo ló ń ké níta yẹn?" Steinar bú sẹ́rìn-ín: "Heming, bàbá ẹ ń kí ẹ o!" Mo fa idà tèmi, tí mo ti lọ mú nínú ọkọ̀, yọ. Arúgbó náà di ọwọ́ mi mú: "O búra fún mi!" Mo ní, "Idà Steinar ló búra, kì í ṣe tèmi." Mo sì gún un, níbi oúnjẹ tó bù fún mi. Mo fi ibi sú olóore. Ẹran ìgbẹ́ sàn jù mí lọ!

Golnar, inú kòtò ọkà ni o sá sí. Mo fà ọ́ jáde, mo ní àwọn mìíràn ló pa bàbá rẹ, pé ìbúra mi ni mo wá mú ṣẹ. O dì mọ́ mi, o ń dúpẹ́. Títí di àná, o ṣì ń dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pọ́n idà fún ìrìn àjò ọdún tó ń bọ̀, bàbá ìyá yín ni mo pa. Ẹ jókòó sílé. N kò bẹ̀ yín fún ìdáríjì. Ìyá yín ni mo ṣẹ̀. Golnar, ọwọ́ ọ̀tún tí o ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù láràárọ̀ yìí, òun ló di idà náà mú. Má nù ún mọ́.