Ẹ̀tù Nínú Ike Áísìkirimù

Ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa kan ní ìlú Laurel, l'Amẹ́ríkà níbí, mo tò sẹ́yìn tọkọtaya kan tí inú ń bí ìyàwó gidigidi.

"Daddy, ẹ ní ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ̀tù sínú ọta ìbọn yín fúnra yín nílé, mi ò jà. Ṣùgbọ́n inú ike áísìkirimù lẹ da ẹ̀tù sí!"

"Ike tó bá a wá ló fọ́. Mo ṣáà kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára."

"Kí ta ló kà á? Màmá mi tó wá bá wa tọ́mọ? Wọ́n pè é ní ata dúdú, wọ́n ti bù ú lọ sídìí iná kí n tó kígbe!"

"Ọdẹ ni bàbá mi, ilé náà ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀tù sí."

"Inú àdó ni tiwọn wà! Ta ló bá àdó bàbá yín nílé ìdáná rí?"

Lẹ́yìn wọn níbẹ̀, mo rántí ilé wa. Bàbá tèmi náà ní àdó ẹ̀tù, òkè àjà ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ìyá mi kò fòyà rí láti dáná.