Ta Ló Kù Tí Ẹ Ó Nà?

Nínú ọkọ̀ àjọwọ̀ tó gbé wa láti àdúgbò Karantina lọ sí Mẹ́kà fún Úmúrà, mẹkáníìkì àgbà kan àti ẹnjiníà kan jókòó níwájú mi nínú aṣọ haràmí, kálukú wọn ló ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, wọ́n sì rọra ń bínú síra wọn nítorí bọ́ọ̀lù, torí ẹni tó wọ haràmí kò gbọdọ̀ jà.

“Mi ò bá ọ jà o, Ẹnjiníà. Mo kàn ń béèrè ni. Ta ló kó gólìkípà mi lọ?”

“Àlàájì, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wá bá wa.”

“Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kẹ̀! Ẹ fún un ní yàrá tó ní éèsì, ẹ sì ń gbé kábsà fún un ní gbogbo Jímọ̀, ìrẹsì tí ẹran bò mọ́lẹ̀. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni agbára tèmi mọ. Ẹ kó ti ẹgbẹ́ Tandabawi, ẹ kó ti ẹgbẹ́ Mahjar. Àwọn kan wà lórí bẹ́ǹṣì yín tó jẹ́ pé oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń jẹ.”

“A fẹ́ gba ife ni, sà.”

“Ẹ ti ra gbogbo ẹni tó lè nà yín tán. Ta ló wá kù tí ẹ ó nà?”

Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ẹnjiníà náà yíjú sí i.

“Àlàájì, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù?”

Àgbà náà fọwọ́ pa orúnkún, ó tún haràmí rẹ̀ ṣe.

“Mi ò bá ọ jà o. Ẹran orí kábsà yẹn, ṣé ti àgùntàn ni àbí ti adìyẹ?”