Fáànù Bàbá Mi Nìkan Ni Wọ́n Rí

Kí n pa kí ni, Ẹ̀gbọ́n Theophilus? Fáànù? Àwọn ará ilé ṣèpàdé ní yàrá Àǹtí Abigail, wọn ò pe èmi, wọ́n wá rán ẹ̀yin kiatéka wa sí mi pé Saidat ló ń jẹ gbogbo iná ilé yìí torí fáànù rẹ̀ kì í sinmi, àbí? Ẹ má tíì dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán.

Ta ló wà lábẹ́ fáànù yẹn? Ṣé èmi ni? Bàbá mi ni, bàbá tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Fèrèsé kan ṣoṣo tí yàrá wa ní, ògiri ilé kejì ló kọjú sí, atẹ́gùn wo ló fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé? Tí fáànù bá kú pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ á rin fún òógùn, egbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná á tún ṣí. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé tí egbò yẹn bá fi lè jẹrà, ó lè gba ibẹ̀ kú. Ẹ wá ní kí n pa fáànù.

Àbí ẹ ti gbàgbé bí ilé yìí ṣe rí tẹ́lẹ̀ ni? Ní gbogbo àdúgbò wa ní Mushin, ilé wo ló tutù tó tiwa? Kọ́tìnnì lásán ni oníkálukú ń ta sẹ́nu ọ̀nà, atẹ́gùn á gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn jáde. Ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn tó bá ti kírun àsùbáà tán? Bàbá yìí náà ni. Kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Ládìpọ̀, á ti fi búlọ́ọ̀kù tì í kó má baà padà dé, á ní ẹ jẹ́ kí ilé mí. Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Bàbá mi da omi títí, inú ooru ló wá ń sùn.

Ìgbà tí àìsàn dé, tí mò ń fọ ìtọ̀ fọ ìgbẹ́, òórùn ni Àǹtí Abigail gbọ́. Mi ò ní parọ́, ó ń rùn. Ara èèyàn ni, kì í ṣe lọ́fínńdà. Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá Débọ̀ ti tirẹ̀, Muadh náà ti tirẹ̀. Ẹ̀yin náà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ ní torí olè tó ń jí bàtà. Bàtà ta ló sọnù? Gbogbo wa wá ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi gba iwájú ilé yí po lọ sí balùwẹ̀, kí atẹ́gùn má baà gbé òórùn arúgbó kan wọ páséèjì.

Ilé wá gbóná bí ààrò, kálukú ń ra fáànù kún fáànù. Ẹ̀yìnkùlé tí a ti ń dáná wá jìnnà sí Àǹtí Abigail, sítóòfù oníná ló fi ń se ẹ̀wà nínú yàrá. Tó bá ti tàn án, fáànù bàbá mi á máa yí bí ẹni tó ń tòògbé, fíùsì á jó. Ẹ̀wà yẹn ò jẹ iná o, Saidat ló jẹ ẹ́.

Mo ṣí ilẹ̀kùn mi lánàá kí bàbá lè rí afẹ́fẹ́. Àǹtí Abigail kànkùn, ó ní, "Àǹtí Saidat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í, a fẹ́ jẹun." Mo tì í. Mo ti bàbá tó bí mi mọ́nú ooru kí ẹlòmíì lè jẹun. Ó dùn mí wọ egungun, Ẹ̀gbọ́n. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún.

Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń bẹ lápò yín. Ẹ lọ ṣí i, kí gbogbo wọn ṣí tiwọn, fúnra mi ni màá pa fáànù yìí. Ẹ ò fẹ́?

Ó dáa. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wọlé. Bàbá ò sùn. Ẹnu ló kọ̀ fún un, etí rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ. Suíìṣì nìyẹn lókè orí rẹ̀, mi ò ní dí yín lọ́wọ́. Ẹ kí i dáadáa, ẹ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán yín fún un, kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín pa á.