Ẹsẹ̀ Gensuke Lórí Pákó

Láyé ọjọ́un, nígbà tí ilẹ̀ Japan ṣì kún fún ogun, kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó dáyé, kí èmi gan-an tó dáyé, abúlé wa lórí òkè yìí ti ń jó ijó òrìṣà tó pa ejò ńlá. Rokuro, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí, ìwọ tó máa wọ inú aṣọ ejò jó lọ́la.

Ijó pẹ̀lẹ́ ni nígbà yẹn, wọn kì í mú ju abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Gensuke, baba ńlá wa, ló mú ìjà idà wọ inú rẹ̀. Jagunjagun ni, ó ti fi ogun sílẹ̀ wá dáko ìrẹsì níbí pẹ̀lú Heita, àbúrò rẹ̀. Lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, tí ìrẹsì ń gbẹ lójú wọn, àwọn àgbà bẹ Gensuke pé kó fi idà gidi jó, bóyá òrìṣà á gbọ́. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù bà á gan-an ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Heita ló máa wà nínú ejò, aṣọ á bò ó látòkè délẹ̀, kò ní í rí nǹkan kan.

Wọ́n wá dá ọgbọ́n kan. Kí Gensuke tó fi idà ṣá orí ejò, á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí pákó ìtàgé, gbì! Bí Heita bá ti gbọ́ ọ, á fa orí sẹ́yìn, idà á sì balẹ̀ síbi tí kò séèyàn. Wọ́n ṣe é, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣe é títí ìyàwó Heita ò fi lè jẹun mọ́.

Ọjọ́ pé. Àwọn àgbà gbọ́ pé ìjòyè tó ni gbogbo ilẹ̀ yìí ń bọ̀ wá wòran, ni wọ́n bá sáré tẹ́ ẹní tuntun sórí pákó, wọ́n ní àwọn ń bu ọlá fún un. Wọn ò sọ fún Gensuke. Ó ti de ìbòjú, iwájú nìkan ló ń rí, àyà rẹ̀ sì ń já débi pé kò fura sí ohun tó ń tẹ̀. Ó jó, ó fò, ó yí bírí, ó gbé idà sókè, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Kò dún. Ejò ò mira, idà sì ti ń bọ̀ wálẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó já ọwọ́ òsì kúrò lára idà, ó fi apá yẹn bo orí àbúrò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo ẹní. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ ejò ni. Gensuke ò dúró, torí bí ijó bá já lójú agbo, ẹ̀bẹ̀ òjò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ kan ló fi jó o parí.

Heita jáde, ó bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò fẹsẹ̀ janlẹ̀?”

Ó ní, “Mo fẹsẹ̀ janlẹ̀.” Ó bá ṣubú.

Òjò rọ̀, àbí kò rọ̀? Ó rọ̀, ẹ jẹ́ kí n mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ò gbé nǹkan kan mọ́ títí ó fi kú.

Ìdí nìyí tí ilé wa kì í fi í tẹ́ ẹní sórí ìtàgé, ọba ì báà máa bọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó máa wọ inú ejò fi ń kọ́kọ́ dojú bolẹ̀, tó ń fi etí lé pákó, tí ẹni tó máa mú idà á fẹsẹ̀ janlẹ̀ fún un. Bí kò bá tíì ní òun gbọ́, idà ò gbọdọ̀ kúrò nínú àkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló máa mú idà lọ́la. Láàárọ̀ ni mo ti ń wò yín, ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀rín, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Rokuro, dùbúlẹ̀. Fi etí lé pákó, kí ẹ̀gbọ́n rẹ fẹsẹ̀ janlẹ̀. Má sì sọ pé o gbọ́ torí kí inú mi lè dùn o.