Ewé Tí Ọdẹ Fi Ń Bo Ojú Ẹran

Lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ojú ní Ṣakí ni mo ti gbọ́ àríyànjiyàn ọdẹ àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Ṣadé, àpò èédú lẹ kí pé ó kú iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ sì ní ẹ máa lọ ṣọdẹ lọ́la! Pípa ẹran ló kàn ń dùn mọ́ yín."

"Ìyá Ṣadé, pípa ẹran ti sú mi! Tí ẹran bá ṣubú, ewé ni mo fi ń bo ojú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹni tí pípa ń dùn mọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló wá dùn níbẹ̀?"

"Kí n lúgọ, kí igbó dákẹ́, kí àyà mi máa lù kì-kì-kì."

"Ẹ lọ lúgọ nígbà náà! Ẹ fi ìbọn sílẹ̀ nílé."

Bàbá Ṣadé mí kanlẹ̀. "Tí n kò bá gbé ìbọn, ta ni yóò pè mí ní ọdẹ?"

Mo rántí ọjọ́ tí èmi náà bọ́ sọ́wọ́ ọdẹ. Ọdẹ tó yìnbọn lù mí lóko iṣu ní Komu ríran kedere, síbẹ̀ ó rò pé ẹtu ni mí. Nígbà tó dé ibi tí mo ṣubú sí, ewé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti wá mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe.