Ọwọ́ Tí Reginald Kò Jù

Ẹ̀yin tí ẹ ti yó àti ẹ̀yin tí ìkòkò yín ṣì wà lórí iná, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mo ní ìtàn kan fún yín, kì í ṣe ti ẹranko, kì í sì í ṣe ti ọba ayé àtijọ́. Ẹni tó ni ín ṣì ń mí, ó ń jẹ ẹ̀wà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n máa sọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú òun jù, pé bí òun kò bá bì í jáde, yóò rà mọ́ òun níkùn. Òótọ́ ló ń bọ̀ yìí o. Bó bá korò, ẹ fi omi lé e.

Mùs'áb lorúkọ rẹ̀. Agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí, níbi tí èèyàn kì í ti í dá jẹun, tí kì í ti í dá sùn, tí kò tiẹ̀ sí àyè láti dá ronú. Nígbà tó ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún, ó rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́rùwọlé kan ní Marina, ó sì lọ gba yàrá ní Olówógbowó. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù jáde, Ìyá Àdìjátù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Yàrá tí o gbà yẹn, ta ni yóò máa bá ọ jà níbẹ̀?" Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi gbẹ. Àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò ti lọ sí Kánádà, àwọn tó kù ti di bàbá ọmọ. Bí àgbà bá ń dé, kì í kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kan ni èèyàn á kàn rí i pé kò sí ẹni tí òun lè pè pé kó wá jókòó ti òun láìnídìí. Ohun tó gbé Mùs'áb dé ẹgbẹ́ asáré nìyẹn.

Ní abúlé tèmi, bí a bá rí àgbàlagbà tó ń sáré láàárọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò, bóyá ejò ni. Àwọn baba wa ṣáà ti ní ẹnìkan kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó ní nítorí ìlera ni, mo sì gbà fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́ pé àwọn tó ń wá aya níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń wá ìlera lọ. Láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á pé jọ níwájú pápá ìṣeré Oníkan, wọ́n á sá gba Marina, wọ́n á kọjá CMS, wọ́n á yí Olówógbowó po, wọ́n á padà. Òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Ẹnì kan ni yóò máa sá lẹ́yìn gbogbo èèyàn, pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn rẹ̀. Súípà ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni tó lọ́ra jù bá dúró, súípà á dúró. Bó bá jókòó, súípà á jókòó tì í. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi omi kan ẹnu títí súípà yóò fi dé, tí yóò sọ pé, "A pé."

Ẹni tó lọ́ra jù ni Reginald, ọmọ Sàró ará Olówógbowó, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló lé e wá. Kò sí ilé àtijọ́ tí kì í dúró wò lọ́nà. "Mùs'áb, ṣé o rí fèrèsé òkè yẹn? Bàbá mi àgbà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan nítorí obìnrin." Àwọn ọ̀dọ́ á máa kígbe láti iwájú pé, "Bọ̀dá Reginald, ahun ti kọjá yín o!" Òun náà á ní, "Ẹ bá mi kí i, àna mi ni!" Ó fẹ́ràn Mùs'áb. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè, ìyàwó rẹ̀, Clementina, ló sì ń fi abọ́ ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n tí ọmọ náà kò ní, Ọlọ́run ti fi jíǹkí rẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ yẹn náà ni ojú rẹ̀ ti kan Khairiyyah. Jíbrílù, ẹ̀gbọ́n Khairiyyah, ló tọ́ ọ dàgbà, ọmọbìnrin náà kò sì lè fẹ́ ẹni tí ọkùnrin yẹn kò bá rí. Sátidé kan, Jíbrílù ní òun yóò yà sí Oníkan wo Mùs'áb lójú kí òun tó máa lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ọjọ́ náà gan-an ló kan Mùs'áb láti ṣe súípà. Wọ́n dé Olówógbowó, Reginald ń rìn tiro. Fóònù dún. Khairiyyah ni: "Ẹ̀gbọ́n mi ti dé o, wọ́n ń wo aago. Níbo lo wà?" Mùs'áb wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó yára. Ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀: "Mùs'áb, dúró dè mí, ẹsẹ̀ ń dùn mí." Ó tún gbọ́ ọ. Ó bọ́ ẹ̀wù ọsàn náà, ó ká a mọ́ abíyá, ó sì já síwájú bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Ní Oníkan, wọ́n bi í pé Reginald ńkọ́. Ó ní, "Bọ̀dá ní kí n máa lọ, wọ́n ní àwọn á ya ilé. A pé." Gbogbo wọn mu omi. Jíbrílù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn sí i. Reginald, níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sáré lé e, ti gun páálí tí wọ́n fi bo ojú gọ́tà, ó jìn sí i, eegun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́.

Ẹ má tí ì mí kanlẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Wọ́n lọ kí i ní ọsibítù, ẹgbẹ́ yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, Reginald sì wo Mùs'áb, kò bínú, ó kàn béèrè: "Àbúrò, mo pè ọ́. Ṣé o kò gbọ́ ni?" Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí fún un. Bó bá ní òun kò gbọ́, irọ́ kékeré ni. Bó bá ní òun gbọ́, ẹ̀bẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Khairiyyah wà níbẹ̀. Mùs'áb ní, "Háà, Bọ̀dá. Ẹ ní kí n máa lọ. Ẹ tiẹ̀ júwọ́ sí mi." Reginald gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, ó wò ó. "Mo júwọ́?" "Ẹ júwọ́, sà." Clementina yíjú sí ògiri. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: bàbá Reginald, kó tó kú, kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, a sì máa bá òkú sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹ̀rù ohun tó ṣe bàbá ló ti ń ba ọmọ láti ìgbà yẹn. Ọkùnrin náà sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ní, "Má bínú, àbúrò. Díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ di onírọ́ láàárín èrò." Mùs'áb sì dáhùn pé, "Kò burú, sà. Ó ti tán." Ó gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ohun tó ṣe níbẹ̀ yẹn ni kí wọ́n máa fi pe òun.

Ẹsẹ̀ jinná. Orí ni kò jinná. Ẹni tó bá ti gbà pé òun lè sọ̀rọ̀, kí òun sì júwọ́, kí òun má sì mọ̀, kí ló kù tí yóò dá lójú? Bí Reginald bá ṣi orin kan tẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń ṣì, á ní àìsàn bàbá òun ti dé. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ dùùrù fún àlùfáà, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn kí òun tó dójú tì wọ́n níwájú pẹpẹ. Kì í dá jáde mọ́. Clementina ló ń mú un lọ́wọ́ dé CMS bí ọmọdé. Mùs'áb gbé Khairiyyah níyàwó, ó rí ilé, ó rí ọ̀rẹ́, ó di ẹni tí àwọn tuntun inú ẹgbẹ́ ń bi léèrè bí wọ́n ṣe ń fìdí múlẹ̀ ní Èkó. Ó ń lọ kí Reginald déédéé. Ó ń bá a bó ọsàn.

Ó wá tó àkókò tí Mùs'áb fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ẹ mọ àṣà àwọn mùsùlùmí: ẹni tó ń lọ á kọ́kọ́ ká ilé kiri tọrọ àforíjì. Á ní, "Ohun tí mo bá ṣe yín, èyí tí ẹ mọ̀ àti èyí tí ẹ kò mọ̀, ẹ forí jì mí." Wọ́n á ní àwọn ti forí jì í. Wọn kì í béèrè pé kí ni. Èyí tí ẹ kò mọ̀ yẹn ni Mùs'áb gbójú lé. Ìyá Àdìjátù bá a lọ, nítorí àgbà ló ń ṣíwájú irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n dé ilé Reginald nírọ̀lẹ́. Mùs'áb dọ̀bálẹ̀, ó ka tirẹ̀. Reginald ní, "Kí lo ṣe mí rí? Èmi tí mo pè ọ́ lónírọ́? Mo forí jì ọ́, jàre, bá mi gbàdúrà fún orí mi níbẹ̀."

Wọ́n jáde. Ìyá náà dúró lẹ́nu géètì. "Kí lo ṣe fún ọkùnrin yẹn?"

"Kò sí, Ìyá."

"Mùs'áb. Èmi ni mo fọ ìdí rẹ. Ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n jí lọ́wọ́ òun, ṣé ó lè fi ta olè lọ́rẹ? Padà wọlé."

Ó padà. Clementina ń kó ife. Mùs'áb kúnlẹ̀, ó ní: "Bọ̀dá, ẹ kò júwọ́. Ẹ kò ní kí n máa lọ. Mo gbọ́ yín ketekete. Ẹ ní kí n dúró dè yín, ẹsẹ̀ ń dùn yín. Mo sá nítorí kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lè rí mi. Ti ọwọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ni mo ti hùmọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ yín."

Reginald béèrè, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo pè ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, sà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni. Ìgbà kẹta, o ti yà ní kọ̀rọ̀." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Clemmy, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè é. Mo rántí rẹ̀!" Obìnrin náà gbé ife kalẹ̀, ó gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó wo ẹni tó kúnlẹ̀.

Mùs'áb ní, "Ẹ forí jì mí, sà."

Reginald nu ojú rẹ̀. "Èyí tí mo fún ọ lẹ́ẹ̀kan, mo gbà á padà. Mi ò tí ì mọ bí nǹkan náà ṣe tóbi tó. Máa lọ sílé."

Mùs'áb lọ sí Mẹ́kà, ó ti dé. Reginald ń kí i, ó ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Mùs'áb ń retí, kò tí ì gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá àyè jókòó sí nínú ayé, ẹ wo ẹni tí ẹ ń tì kúrò lórí àga kí ẹ tó jókòó. Mùs'áb ló sọ ọ́ fún agboolé rẹ̀, Ìyá Àdìjátù ló sọ ọ́ fún Hàwáwù, ìyàwó àbúrò mi, Hàwáwù ló gbé e wá bá mi lábúlé. Èmi náà ti gbé e fún yín.